Apá Mi Tó Jóná Ò Tètè San, Ọkọ Mi sì Wà ní Manchester

ÌBÉÈRÈ

Màmá wa Dókítà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí bí ọmọ yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ fún àwọn tó wà nítòsí. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ bíbí Èjìgbò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Ọkọ mi lọ sí Manchester ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Èmi àti ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún la wà nílé.

Ó tó ọdún kan báyìí tí ara mi ò ti dá ṣáká mọ́. Ọ̀fìnkìn kan ò ní tíì lọ tán tí òmíràn á fi dé. Egbò kéékèèké máa ń yọ sí mi létè lóṣooṣù, bí ẹni pé ó ń wo kàlẹ́ńdà. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù jó mi lápá níbi tí mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ojú rẹ̀ ò ju ìdérí ìgò lọ, àmọ́ ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jiná. Áyọ́ọ̀nù yẹn kan náà ti jó àwọn ọmọṣẹ́ mi rí, tiwọn kì í tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ti ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kò sí HIV, kò sí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ mi sì pé. Dókítà tó rí mi ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, kí n lọ máa sinmi. Ìyá mi ní ọwọ́ ayé ni. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa máa ń po oògùn sínú ọ̀rá fún mi. Tí mo bá ti lò ó, ara mi á fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ á sì máa wù mí í jẹ.

Ohun tí mi ò sọ fún dókítà náà ni pé ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ọkọ mi. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó sì ń pè, àmọ́ tí mo bá kọ nǹkan sí i lórí WhatsApp, ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ màá ti rí i pé ó ti kà á. Mo máa ń jí láago méjì òru kí n lè wò ó bóyá ojú ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òfin ni ò jẹ́ kí òun lè mú wa wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, ó ní ó ti ní ẹlòmíràn níbẹ̀. Bàbá tó bí mi náà lọ sí Abidjan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá sílé lẹ́yìn náà, àmọ́ ìyẹn ti pẹ́.

Ṣé ìrònú nìkan lè sọ ara èèyàn dà báyìí, àbí kí n gba ohun tí ìyá mi ń sọ?

Aránṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú àmúmọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni, àìfọ̀kànbalẹ̀ lè dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù, ó sì lè mú kí ọgbẹ́ pẹ́ kó tó jiná. Kì í ṣe pé ò ń ro àìsàn sára, kì í sì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ. Àmọ́ "ìrònú nìkan" tí o kọ yẹn, mi ò tíì fara mọ́ "nìkan" tó wà níbẹ̀. Nǹkan kan wà nínú lẹ́tà rẹ tó ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ lọ, màá dé orí ẹ̀.

Apá rẹ tó jóná ni kí a kọ́kọ́ wò. Tọkọtaya kan wà ní yunifásítì Ohio State ní Amẹ́ríkà, Janice Kiecolt-Glaser àti Ronald Glaser. Ìyàwó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ọkọ jẹ́ onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì àti àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn tó ń bá àìsàn jà fún wa. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn méjèèjì fi jọ wádìí ìbéèrè tí o bi mí yìí gan-an. Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2005, wọ́n pe tọkọtaya 42, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan fa awọ apá wọn títí tó fi léròrò, bí ìgbà tí omi gbígbóná bá ta síni lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì ń sun ilé ìwòsàn. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kí ọkọ àti ìyàwó máa gba ara wọn níyànjú. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọgbẹ́ ọjọ́ ìjà pẹ́ kó tó san ju ti ọjọ́ ìtùnú lọ. Àwọn tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé pọ̀ lẹ́nu wọn, bí ọgbẹ́ tiwọn ṣe ń yára san ò ju ìdá 60 nínú 100 ti àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1995, wọ́n ti dá ọgbẹ́ bíńtín sí apá àwọn obìnrin 13 tó ń tọ́jú ẹbí wọn tó ní àrùn ìgbàgbé, wọ́n sì fi wọ́n wé obìnrin 13 mìíràn tí wọn kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ti àwọn olùtọ́jú fi pẹ́ jù.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ẹ̀rù ọkàn ṣe ń dé orí ọgbẹ́? Tí nǹkan bá já ọ láyà, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ méjì tó dé orí kíndìnrín bíi fìlà. Àwọn ìyẹn á tú omi ara kan sínú ẹ̀jẹ̀, cortisol lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rere ló wá ṣe. Á tú ṣúgà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá, á sì sọ fún àwọn sójà ara pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, pé ewu tó wà níwájú la fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ ná. Tí ewu bá kọjá, á relé. Ó tiẹ̀ ní àkókò tirẹ̀ lójúmọ́. Bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí a bá jí ló máa ń ga jù, tó bá sì fi máa di òru, ó ti lọ sílẹ̀, kí àwọn sójà ara lè ráyè ṣiṣẹ́ àtúnṣe. Ìwọ wá ń jí láago méjì òru, o ń tan fóònù, àyà rẹ ń já. O ń jí cortisol ní àkókò tó yẹ kó sùn. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí nǹkan tó máa ṣe. Tó bá di ọdún kan, àwọn kan nínú àwọn sójà náà á dín kù, àwọn yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dití sí àṣẹ. Ọgbẹ́ á wá pẹ́ bíi tìrẹ kó tó jiná: etí rẹ̀ á pọ́n, á máa ta síni, inú rẹ̀ á máa sun omi, bó bá sì ti fẹ́ ní èépá lọ́jọ́ kan, á tún ṣí.

Kókó ẹjọ́ rẹ, lójú tèmi, ni pé o ò mọ ibi tí o dúró sí. Ìyẹn ló ń tán ọ lókun. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní University College London ní kí àwọn èèyàn 45 ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi òkúta hàn wọ́n, kí wọ́n sọ bóyá ejò wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ejò bá wà níbẹ̀, iná máa gbé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń làágùn àti bí ẹyin ojú wọn ṣe ń fẹ̀. Ẹni tó mọ̀ dájú pé iná máa gbé òun fara balẹ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ bóyá yóò gbé òun tàbí kò ní gbé òun lọ. Ìgbà tó bá di ìdajì sí ìdajì ni másùnmáwo wọn ga jù. Mo rò ó títí nígbà tí mo kà á, torí mo ti wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí ọkọ mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, lẹ́tà aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń ká pọ̀ ló fi ń kọ̀wé sí mi. Mo máa ń yà sí pósí ọ́fíìsì tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Màá ṣí àpótí, màá kiwọ́ bọ̀ ọ́, tó bá jẹ́ irin tútù inú rẹ̀ nìkan ló kàn mí lọ́wọ́, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn ò ní lọ lọ́fun. Ètè mi náà yọ egbò lọ́dún yẹn. Síbẹ̀ tiwa sàn díẹ̀. Tí lẹ́tà ò bá dé, a ó ní ọkọ̀ òfuurufú ló pẹ́, tàbí pé lẹ́tà ti sọnù lọ́nà. Tìrẹ ń fi àmì búlúù méjì hàn ọ́ pé ẹni náà ti kà á, ó sì dákẹ́. Mi ò mọ bí èmi ì bá ti ṣe fara dà á.

Egbò ètè yẹn, èyí tí a máa ń sọ pé ibà ló ń bá ẹnu jáde, fáírọ́ọ̀sì kan tí à ń pè ní herpes simplex ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ wa ló ti kó o láti kékeré, lára ìyá, lára ẹ̀gbọ́n, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Kì í kúrò lára mọ́. Inú iṣan ló ń sá pamọ́ sí, àwọn sójà ara ló sì ń ṣọ́ ọ. Tó bá rẹ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, á yọjú. Nítorí náà má ṣe fi í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ rẹ kó nǹkan fún ọ.

O sọ̀rọ̀ bàbá rẹ ní gbólóhùn kan, o wá sáré fi "ìyẹn ti pẹ́" bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ mi, kò pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èjìgbò ló ní èèyàn ní Abidjan, mo mọ iye ọmọ tó ti jókòó síwájú ilé níbẹ̀ tí wọ́n ń ka ọkọ̀ tó ń wọlé. Onímọ̀ kan, Mary Ainsworth, gbé Uganda ní 1954 sí 1955, ó sì ń lọ jókòó ti àwọn ìyá ọlọ́mọ ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala. Ó rí i pé àwọn ọmọ kan wà tí ìyá lè jáde kó sì wọlé, tí wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín sí i, tí wọ́n á máa bá eré wọn lọ. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ìyá gbé wọn sọ́wọ́ pàápàá, ẹkún ò dá, bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ pé yóò tún gbé wọn sílẹ̀. Nínú lẹ́tà rẹ, owó ń wọlé, ìpè ń wọlé, ọkàn rẹ ò sì lélẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ rẹ ló ń ṣe ohun tí kò dáa. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ló ṣì ń wo ojú títì. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Ẹ̀rù pé wọ́n á fini sílẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn lásán. Ní 2013, Lisa Jaremka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio State yẹ itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya 85 wò. Àwọn tí ẹ̀rù pé ẹni wọn lè kọ̀ wọ́n sílẹ̀ pọ̀ lọ́kàn wọn, cortisol tiwọn fi ìdá 11 nínú 100 ju ti àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ lọ. Àwọn sójà ara tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T sì dín lára wọn ní ìdá 11 sí 22. Fi sọ́kàn pé alára líle làwọn èèyàn náà. Ìwádìí yẹn ò sọ pé wọ́n ti ṣàìsàn, ó kàn fi hàn pé odi wọn ti ń tín-ínrín.

Ó wá ku ohun tó ń bà mí lẹ́rù. "Oúnjẹ á máa wù mí í jẹ": gbólóhùn yẹn ni mo ti dúró. Ọ̀pọ̀ oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ni dexamethasone tàbí prednisolone máa ń wà nínú rẹ̀. Oògùn gidi ni wọ́n níbi tó yẹ. Àwa dókítà ń fi wọ́n gba ẹ̀mí ẹni tí ikọ́ asthma fẹ́ pa, a sì ń fún ẹni tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, kí àwọn sójà ara rẹ̀ má bàa bá àlejò náà jà. O rí i pé iṣẹ́ wọn ni láti pa àwọn sójà lẹ́nu mọ́. Ọmọ ìyá cortisol ni wọ́n, wọ́n sì lágbára jù ú lọ. Ara á fúyẹ́, oúnjẹ á wuni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún, ọ̀fìnkìn á sì tún padà wá nítorí pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹrù méjì lo ń gbé lé ara rẹ. Má sì jù ú sílẹ̀ lójijì tó bá ti pẹ́ tí o ti ń lò ó o, nítorí ẹṣẹ́ tó ń ṣe cortisol lè ti sùn lọ, ìyẹn sì léwu. Kó ọ̀rá oògùn náà bí ó ṣe rí, gbé e lọ bá dókítà, kó sọ bí o ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí o bá ń pa ìpara tó ń mú ara mọ́lẹ̀, sọ fún un pẹ̀lú, má tijú. Irú oògùn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń mú awọ ara fẹ́lẹ́, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jiná. Tí ikọ́ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí o bá ń rù, tàbí tí òógùn ń bò ọ́ lóru, jẹ́ kí wọ́n yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Dókítà tó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́ kò purọ́, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló wò. Ìwọ lo mọ èyí tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, o ò sì sọ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, sọ ọ́. Tó bá darí rẹ sí àwọn tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, má ṣe rò pé wọ́n ní orí rẹ dàrú. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lambo, ó mọ̀ pé ara oògùn ni kí ẹni ẹni wà nítòsí ẹni.

Ìyá rẹ náà, má ṣe bá a jiyàn. Ó ti rí ohun tí àyẹ̀wò ò rí, pé ohun tó ń ṣe ọ́ ti òde ara wọlé. Jẹ́ kó máa gbàdúrà. Àmọ́ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ rẹ lórí ẹ̀.

Oorun ló kù. Ní 2015, wọ́n kán fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sí imú àwọn 164 tó yọ̀ǹda ara wọn ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí oorun wọn ò tó wákàtí mẹ́fà kó ọ̀fìnkìn ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ju àwọn tó ń sùn ju wákàtí méje lọ. Fóònù rẹ, jẹ́ kó máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù, kí ìwọ náà sùn nílé. Tí o bá sọ pé ibẹ̀ jìnnà jù, gbé e fún ìyá rẹ. Aago Manchester àti ti Ìbàdàn ò yàtọ̀ ju wákàtí kan lọ, nígbà ooru tiwọn, wọ́n tiẹ̀ máa ń bára mu. Láago méjì òru, bí ọkọ rẹ ò bá sùn, ó ṣeé ṣe kó máa gbé arúgbó kan láti ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì sí èkejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní irọ́ ni òfin yẹn ò mọ̀ ọ́n. Láti March 11, 2024 ni ìjọba Bìrìtìkó ti sọ pé ẹni tó bá gba físà wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò lè mú ìyàwó àti ọmọ wá mọ́. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ọkọ rẹ lọ. Òótọ́ ló sọ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Bóyá ó ní ẹlòmíràn tàbí kò ní, mi ò lè jókòó síhìn-ín kí n rí Manchester, ọ̀rẹ́ rẹ náà ò lè rí i.

Nítorí náà, bi í. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp, má sì bi í lọ́jọ́ tí inú ń bí ọ. Wá ọjọ́ tí kò níṣẹ́, pè é kí ẹ máa rí ojú ara yín, kí ọmọ ti sùn. Má bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin tí o rò pé ó ní. Bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá rẹ, bóyá kò tíì gbọ́ ìtàn yẹn tán lẹ́nu rẹ rí. Sọ fún un pé tó bá ti kà á tó dákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà lo máa ń dà. Ní kó sọ fún ọ bó ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yín máa rí lọ́dún méjì sí àsìkò yìí, bóyá yóò wá ni, tàbí ẹ ó wá ọ̀nà mìíràn. Sọ ọ́ tán, kí o wá dákẹ́. Jẹ́ kó fèsì, bó ti wù kó pẹ́ tó, má bá a parí gbólóhùn rẹ̀.

Kọ̀wé padà sí mi tí o bá ti gbé oògùn náà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí o sì sọ bí apá yẹn ṣe rí.